Ẹni Tó Gbàgbé Iná Yàrá

"Òfin ò mọ bàbá, kò mọ ọmọ!" ni bàbá ń wí bó ṣe ń fọ abọ́, ọṣẹ ti bo ọwọ́ ẹ̀ dé ìgbọ̀nwọ́. Olùkọ́ ni. Òun ló kọ́ ará ilé pé gbogbo èèyàn ló lẹ́tọ̀ọ́ láti sọ tẹnu ẹ̀, òun náà ló ṣòfin pé ẹni tó bá gbàgbé láti pa iná yàrá ni yóò fọ abọ́.

Ìyá yọ́ wọ yàrá, ó pa iná tí òun fúnra ẹ̀ lọ tàn lẹ́yìn tí ọkọ ẹ̀ ti pa á. Bó ṣe yíjú, àbíkẹ́yìn ló rí lẹ́nu ọ̀nà.

"Mọ́mì, mo rí yín o. Dádì sì ní mo lẹ́tọ̀ọ́ láti sọ̀rọ̀."

"Bẹ́ẹ̀ ni, ọmọ mi àtàtà. Gba bisikíìtì."

Bàbá pariwo láti ilé ìdáná: "Ṣé ẹnì kankan lọ́rọ̀ sọ?"

Ẹnu tó lẹ́tọ̀ọ́ ti kún fọ́fọ́.