Ẹ̀fọ́ Tí Omi Ò Lè Fọ̀

Ẹ sún mọ́ mi, kí ẹ bá mi gbègbè. Àlọ́ mi dá lórí Òkété olójúkòkòrò àti Ẹtu, aládùúgbò rẹ̀ tó ń gbin tẹ̀tẹ̀.

Òkété a máa sun àlòkù wáyà kó lè rí bàbà inú rẹ̀ tà. Èéfín a bo tẹ̀tẹ̀ Ẹtu, eérú a wọ inú ilẹ̀. Nígbà tí àwọn ọmọ Ẹtu jẹ ẹ̀fọ́ náà tí inú rírun sì mú wọn, Ẹtu lọ bá Òkété. Òkété ní, "Ìyá, ẹ kàn máa fọ ẹ̀fọ́ yín dáadáa."

Ẹtu bẹ̀rẹ̀ sí í fọ̀ ọ́, ó ń kọrin:

Mo fomi odò fọ̀ ọ́,
*Ẹ̀fọ́ ò mọ́.*
Mo fomi òjò fọ̀ ọ́,
*Ẹ̀fọ́ ò mọ́.*

Ó sè é, ó gbé e lọ fún Òkété lójú gbogbo ẹranko. "Mo ti fọ̀ ọ́ bí ẹ ṣe wí. Ẹ bá mi jẹ ẹ́."

Òkété ní òun ti yó. Ṣùgbọ́n bí ọmọ rẹ̀ ṣe na ọwọ́ sí àwo, ó gbá ọwọ́ náà dànù. "Má jẹ ẹ́. Gbòǹgbò ni oró eérú náà gbà wọ inú ewé, omi ò lè dé ibẹ̀."

Ẹtu wò ó. "Ẹ ti mọ̀ kẹ́ ẹ tó ní kí n máa fọ̀ ọ́?"

Àwọn ẹranko pọnmi odò, wọ́n pa iná tí Òkété fi ń sun wáyà.

Bí irọ́ bá wà nínú àlọ́ mi, ẹ gbé àwo ẹ̀fọ́ náà fún mi kí n jẹ ẹ́.