Ọ̀gá Ìkẹyìn Inú Géèmù

"Mọ́mì, ẹ ní kí ẹranko wa yọ iná sí ọ̀gá yẹn. Ẹ tún ti ń tòògbé."

Nọ́ọ̀sì náà la ojú. Iṣẹ́ alẹ́ ló ti dé láàárọ̀ yìí. Kò tíì bọ́ bàtà tí ọmọbìnrin rẹ̀ fi gbé géèmù lé e lọ́wọ́. Láràárọ̀ láti ọjọ́ Ajé ni wọ́n ti jọ ń bá ọ̀gá ìkẹyìn, ọ̀tá tó le jù nínú géèmù náà, jà, tó sì ń lù wọ́n bolẹ̀.

"Ìwọ lo kó gbogbo ẹranko yìí jọ. Apá ẹ wá ṣe ò ká a?"

"Ọwọ́ tiyín ló yá."

Nọ́ọ̀sì tẹ bọ́tìnnì. Ẹranko ọ̀gá náà ṣubú yakata. Nọ́ọ̀sì mí kanlẹ̀, ó ń ro bẹ́ẹ̀dì rẹ̀. Ni ọ̀rọ̀ bá yọ lójú géèmù: Ẹ kú oríire. Ìgbà kejìlá rèé tí ẹ ṣẹ́gun ọ̀gá.

Ti òní yìí nìkan ni ìyá mọ̀. Ta ló wá ṣẹ́gun ní ìgbà mọ́kànlá yòókù?

Ó wo ọmọ rẹ̀. Ọmọ náà rọra di etí aṣọ iṣẹ́ ìyá rẹ̀ mú.

"Ẹ fẹ́ lọ sùn báyìí, àbí?"