Omi Sójà

Láoyè ń fọ fọ́tò lọ́wọ́ nínú yàrá òkùnkùn rẹ̀ nígbà tí ẹnìkan kan ilẹ̀kùn.

"Bọ̀dá oníkámẹ́rà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi lómi."

Ó ti pẹ́ tí gbogbo ayé ti ń pè é ní bàbá. Sójà kan tí ìbọn bà lójú ogun ló bẹ̀ ẹ́ bẹ́ẹ̀ nígbà tó ṣì jẹ́ ọ̀dọ́, tó ń ya fọ́tò ogun. Láoyè kọ́kọ́ ya fọ́tò rẹ̀, fọ́tò yẹn ló sì sọ ọ́ di olókìkí. Kó tó ṣí ìgò omi, sójà ti kú.

"Àbí ẹ tún fẹ́ kọ́kọ́ yà mí ni?"

Bó bá ṣílẹ̀kùn, ìmọ́lẹ̀ á ba iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́. Ó ṣí i, ó na ife omi síta. Ọwọ́ tútù kan gbà á.

Nígbà tílẹ̀ mọ́, ife gbígbẹ wà lẹ́nu ọ̀nà. Nínú fọ́tò tó sọ ọ́ di olókìkí náà, koríko nìkan ló kù níbi tí sójà dùbúlẹ̀ sí.