Ẹ̀rọ Ọlọ́wọ́ Méjì

Lọ́jọ́ Ajé, nígbà tí wọ́n parí iṣẹ́ ilé-ìwé, Tíṣà Ilésanmí yà sí ṣọ́ọ̀bù Olúfúnṣọ́ lẹ́bàá Ọjà Ọba, ó ní òun fẹ́ wo àwọn ẹ̀rọ tí wọ́n ń so mọ́ tẹlifíṣọ̀n ṣeré. Ọdún 1978 ń parí lọ. Nínú gbogbo Adó, Olúfúnṣọ́ nìkan ló ní irú rẹ̀ tà, méjì péré ló sì kó bọ̀ láti Èkó.

Ó so èkíní mọ́ tẹlifíṣọ̀n kékeré orí káńtà. Ìlà funfun kan dúró lápá òsì, òmíràn lápá ọ̀tún, bọ́ọ̀lù tí kò ju hóró àgbàdo lọ ń lọ, ó ń bọ̀ láàárín wọn. Ọwọ́ ìdìmú méjì ló jáde lára ẹ̀rọ náà. Ẹni tó bá dá jókòó tì í kò rí eré kankan ṣe. Èkejì ń lo kásẹ́ẹ̀tì ní tirẹ̀. Èèyàn lè dá a ṣe láti àárọ̀ dalẹ́, kó máa yìnbọn, kó máa sáré mọ́tò, ẹ̀rọ náà ni yóò máa bá a figagbága.

“Èyí ni kí ẹ mú, ọ̀gá,” Olúfúnṣọ́ ní, ó nawọ́ sí oníkásẹ́ẹ̀tì. “Ẹni tó bá gbé èyí wọlé ti borí àdúgbò.”

Ilésanmí di ọ̀kan nínú ọwọ́ méjèèjì mú, ó ń fà á wò. “Báwo ni okùn yìí ṣe gùn tó?”

“Ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà. Báwo ni tẹlifíṣọ̀n ṣe jìnnà sí àga tó?”

Ilésanmí dijú. Ètè rẹ̀ ń mì bíi ti ẹni tó ń ka ìṣísẹ̀. Nígbà tó lajú, ó ní òun ń padà bọ̀.

Kí ó tó délé, òpópó wọn ti gbọ́. Ẹní bá níṣẹ́ lọ́wọ́ kì í ka ẹran inú ọbẹ̀ ọlọ́bẹ̀, ṣùgbọ́n ta ló níṣẹ́ lọ́wọ́ níbẹ̀? Akínọlá, àbúrò rẹ̀ tó ń ta pákó, ń gbé ní ọ̀kánkán ilé rẹ̀ gan-an, ó sì ti pé ọdún mẹ́ta tí wọn ò ti kí ara wọn. Nígbà tí wọ́n ń pín ogún bàbá wọn, wọn ò rí ìwé oko kòkó tó wà ní Ìjàn. Ilésanmí dìde láàárín ẹbí, ó ní Akínọlá ló jí i. Láti ìgbà náà, bí ọ̀kan bá kun ilé, èkejì a kun tirẹ̀. Lọ́dún tó kọjá, Akínọlá gbé tẹlifíṣọ̀n ńlá wọlé, àwọn ọmọ àdúgbò sì ń ya lọ síbẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́. Gbogbo èèyàn ní kí wọ́n dúró ná, Tíṣà ń bọ̀ wá fèsì.

Ohun tí àdúgbò ò mọ̀ ni pé ìwé ti jáde. Nígbà Ọdún Àjíǹde, Àtinúkẹ́ ìyàwó Ilésanmí ń gbọn eruku, ìwé oko náà sì já bọ́ láti inú Bíbélì bàbá wọn, èyí tó ti wà lọ́wọ́ Ilésanmí láti ọjọ́ ìsìnkú. Láti ọjọ́ náà ni ara rẹ̀ ò ti lélẹ̀ mọ́. Bó bá jókòó, á dìde. Bó bá dìde, ojú fèrèsé ni.

“Ẹ lọ bá Akínọlá,” Àtinúkẹ́ sọ fún un lọ́jọ́rú.

“Níbo lo ti rí ẹ̀gbọ́n tó lọ ń bẹ àbúrò?”

“Ẹ rán alàgbà ìjọ.”

“Kó lè di ìwàásù lọ́jọ́ Ìsinmi.”

“Ẹ̀rọ eré lẹ wá ń lọ wò. Nítorí Akínọlá náà ni, àbí?”

“Nítorí rẹ̀ ni.”

Àtinúkẹ́ pòṣé. “Ohun tí kò sí nílé yìí ju ohun tó wà nínú rẹ̀ lọ, Bàbá Yétúndé. Ẹ ṣẹ ọmọ ìyá yín, ẹ tún fẹ́ fi eré yọ ọ́ lẹ́nu. Ojú ń tì mí fún yín.”

Ilésanmí lọ dúró sójú fèrèsé. Ó dùn ún, ó sì ń wo pálọ̀ Akínọlá ní ọ̀kánkán.

Lọ́jọ́ Ẹtì, ó padà sí ṣọ́ọ̀bù.

“Bí ẹni méjì bá ń ṣe èyí,” ó bèèrè, “ṣé dandan ni kí wọ́n máa sọ̀rọ̀?”

Olúfúnṣọ́ wò ó. “Rárá o. Ọwọ́ nìkan ló ń ṣiṣẹ́.”

“Bó bá parí ńkọ́?”

“Ẹ ó tẹ bọ́tìnnì, ẹ ó bẹ̀rẹ̀ òmíràn.”

“Kì í sú èèyàn?”

“Ọ̀gá, ẹni tí ẹ ń bá ṣe é ló lè sú yín.”

Ilésanmí ní kó di ọlọ́wọ́ méjì fún òun. Olúfúnṣọ́ tún gbé oníkásẹ́ẹ̀tì síwájú rẹ̀, ó ní tíṣà bíi tirẹ̀ kò yẹ kó mú èyí tó kéré. Ilésanmí ò tilẹ̀ wò ó.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Àbámẹ́ta, àwọn ọmọ òpópó ti tò sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀, àwọn àgbà ń ṣe bí ẹni ń kọjá lọ. Nínú ilé, ó wọ bùbá tó fi ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì, ó bọ́ ọ, ó tún un wọ̀. Àtinúkẹ́ kọ̀yìn sí i, ó ń ṣa ẹ̀wà. Ilésanmí gbé páálí ẹ̀rọ náà, ó ṣí ilẹ̀kùn, àwọn ọmọ sì ń ti ara wọn láti wọ pálọ̀.

Ó gba àárín wọn kọjá, ó sọdá òpópó, ó kan ilẹ̀kùn, nígbà tí Akínọlá sì yọjú, ó na páálí náà sí i, ó ní, “Ẹni méjì ní í ṣe é, mi ò sì ní tẹlifíṣọ̀n.”