Kílárínẹ́ẹ̀tì Bàbá Ephraim

Ní ọdún 1989, ó ku ọ̀sẹ̀ méjì kí bíṣọ́ọ̀bù wá síbi ìkórè ìjọ wọn ní Ajégúnlẹ̀, Benson sì ti pinnu pé òun ò ní fi kílárínẹ́ẹ̀tì Bàbá Ephraim dójú ti ara òun níwájú àlejò ńlá. Tuntun kúkú ti dé láti Àpápá: rọ́bà dúdú tó ń dán, bọ́tìnì mẹ́tàdínlógún, kò síbi tí ìka ò lè dé.

Ti àtijọ́ ńkọ́? Igi gidi ni, bọ́tìnì mẹ́tàlá, ihò rẹ̀ sì jìnnà síra débi pé ìka Benson máa ń ro ó bí ẹni tó fọṣọ ìbejì. Láyé ìgbà tí wọ́n ṣe é, ohùn orin àwọn òyìnbó ga ju ti ìsinsìnyí lọ. Kó tó lè bá dùùrù ìjọ mu, àfi kí Benson fa ọrùn fèrè náà gùn. Tó bá sì fà á tán, ohùn ìsàlẹ̀ á bá dùùrù rẹ́, tòkè á máa bá tirẹ̀ lọ. Igi náà kì í sì í yó: gbogbo Sátidé ni Màmá Dinah, opó Bàbá Ephraim, ń fi àdín pa inú rẹ̀ kó má baà là.

"Màmá, ẹ jẹ́ ká jẹ́ kó sinmi," Benson bẹ̀ wọ́n látẹ̀yìn bí wọ́n ṣe ń jáde ní ṣọ́ọ̀ṣì. Màmá ò tiẹ̀ wẹ̀yìn.

Wọ́n ti bínú nìyẹn. Ó dun Benson gan-an, torí láti ọdún mẹ́ta tó ti gba fèrè náà, Màmá nìkan ló ń jókòó síwájú, tí wọ́n ń mi orí, tí wọ́n sì ń sọ lẹ́yìn ìsìn pé, "Benson, o fọn ún bí ọkọ mi." Kò sẹ́lòmíì tó ń yìn ín.

Pásítọ̀ Lazarus ló wá kojú sí Màmá, tó là á yé wọn.

"Láéláé!" Màmá ní. "Ohùn ọkọ mi ló wà nínú igi yẹn. Ẹ kó igba fèrè wá, màá dá a mọ̀ láàárín wọn."

Pásítọ̀ ní kò burú. Kí wọ́n fi aṣọ di ojú Màmá, kí Benson máa fọn méjèèjì. Tí Màmá bá ṣì í lẹ́ẹ̀kan péré, tuntun ni bíṣọ́ọ̀bù máa gbọ́.

Lọ́jọ́ Sunday, wọ́n di ojú Màmá. Tèmilọlá, ọmọ wọn, jókòó tì wọ́n, ó di ọwọ́ wọn mú.

"Sún mọ́ mi, Benson. Sún mọ́ mi dáadáa."

Benson sún títí ẹnu fèrè fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àgbọ̀n wọn. Ó fọn tuntun. Tèmilọlá rọra tẹ ọwọ́ ìyá rẹ̀.

"Kì í ṣe òun."

Ó fọn ti àtijọ́.

"Òun nìyẹn."

Ó tún un fọn.

"Òun náà ni. Ṣé o fẹ́ tàn mí ni?"

Bó ṣe gbé e sẹ́nu lẹ́ẹ̀kẹrin, tírélà kan fun fèrè gbàà ní Malu Road. Gbogbo ìjọ fò sókè, Oghenetega onílù já bọ́ lórí bẹ́ǹṣì, fèrè sì han lẹ́nu Benson bí adìyẹ tí wọ́n ń fà níyẹ̀ẹ́.

"Ẹ gbọ́ ohùn oyin!" Màmá ní. "Òun ni."

"Ìyá yìí lọ́kàn o!" ni àwọn ènìyàn ń wí.

Benson sa gbogbo ipá rẹ̀ lórí tuntun, ó fi ṣe ohùn àtijọ́ títí kan ibi tó ti máa ń ṣì.

"Gbé rọ́bà yẹn kúrò níwájú mi, jàre."

Ariwo sọ. "Mama get ear o!" Oghenetega kígbe láti ilẹ̀.

Benson dọ̀bálẹ̀, ó gbà fún wọn. Ẹ̀rù bíṣọ́ọ̀bù ò bà á mọ́ rárá. Ó sáré bá Tèmilọlá lẹ́nu géètì. "Ẹni tó ní irú etí yìí ló ń yìn mí láti ọdún mẹ́ta! Jọ̀ọ́, bá mi bi wọ́n, kí gan-an ni wọ́n ń gbọ́ nínú fífọn mi?"

"Bọ̀dá Benson, ẹ má jẹ́ kí Pásítọ̀ gbọ́ o," Tèmilọlá ní, "àdín ni wọ́n ń gbóòórùn, torí etí Màmá ti di pátápátá kí ẹ tó gba fèrè yẹn."