Omi Iyọ̀ Màmá Onílé

"Ní gbogbo Bàrígà, èmi nìkan ló lè pa Màmá onílé lẹ́nu mọ́!" Báyìí ni télọ̀ ṣe yangàn létí ìyàwó rẹ̀. "Mọ́nsúrátù, lọ fa àgbò wa wá."

Màmá ti búra pé àgbò Iléyá kankan ò ní wọ ọgbà òun. Ṣùgbọ́n egbò ẹnu ti ń dà á láàmú, oògùn ló sì wá béèrè lọ́wọ́ télọ̀.

"Omi iyọ̀ lílọ́wọ́ọ́wọ́ ni, Màmá. Ẹ gbé e sẹ́nu, kí n ka ọgọ́rùn-ún. Tẹ́ ẹ bá tu ú pẹ́rẹ́, a tún bẹ̀rẹ̀ ni o!"

Màmá gbé e sẹ́nu. Mọ́nsúrátù fa àgbò wọlé, ó so ó sẹ́yìn ọkọ rẹ̀, lábẹ́ okùn tí ṣòkòtò Lèmọ́ọ̀mù àti aṣọ àwọn kọ́sítọ́mà mìíràn kọ́ sí, ó sì sáré lọ ra koríko.

Màmá ranjú, ó nàka, ó fẹsẹ̀ janlẹ̀.

"Ẹ má sọ̀rọ̀ o! Èjìlélógún... ẹ̀tàlélógún..."

Màmá ju apá méjèèjì bí ẹni tí agbọ́n ta. Ẹ̀rín ń pa télọ̀, ó túbọ̀ ń fa òǹkà gùn.

"Ọgọ́rùn-ún! Ó yá, ẹ tu ú."

Màmá tu ú, ó rọra nu ẹnu.

"Àgbò yín ti jẹ ẹsẹ̀ kan ṣòkòtò Lèmọ́ọ̀mù tán," ó ní. "Ó ku ìkejì."