Òkìtì Ikán Nínú Ìlú Erin

Àlọ́ mi gbéra, ó fò, ó bà lé Erin, ọba ìlú ẹranko.

Erin rí òkìtì àwọn ikán létí odò. Ó ní, "Ahéré tálákà yìí ń bu ẹwà ìlú mi kù," ó sì wó o lulẹ̀. Ilẹ̀ mọ́, òkìtì tún dúró. Ó tún wó o. Wọ́n tún ń mọ ọ́n, wọ́n ń kọrin:

"Kábíyèsí, a ò níbòmíì,
*Ẹ jẹ́ á mọlé!*
Amọ̀ ò tán, itọ́ ò gbẹ,
*Ẹ jẹ́ á mọlé!*"

Òjò ńlá dé, omíyalé gbé ààfin lọ. Erin sáré gun òkìtì náà. Bí omi ti ń ga ni òkìtì ń ga, orin sì ń dún lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀.

Ara Erin bù máṣọ. Ẹsẹ̀ tó fi ń wó ilé wọn, ó gbé e sókè, kò jẹ́ gbé e kalẹ̀ mọ́, kó má baà tẹ ẹyọ ikán kan pa.